Ọkọ̀ Òkun Amsterdam (1749)

Amsterdam ni orúkọ ọkọ̀ onígbòkun kan tí VOC, ilé-iṣẹ́ òwò ilẹ̀ Nẹ́dálándì tó ń ná ọjà Éṣíà, kàn ní ìlú Amsterdam ní 1748. Ìrìn àjò àkọ́kọ́ tó lọ kò débi tó ń lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní 1749, ó forí sọlẹ̀ ní etíkun Bulverhythe, nítòsí ìlú Hastings ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ló wà títí di òní. Nínú àwọn ọkọ̀ VOC tó rì tí a ti rí, ó wà lára àwọn tí ara wọn ṣì pé jù lọ.

Gígùn ọkọ̀ náà tó ẹsẹ̀ bàtà 150 ní ìwọ̀n ìlú Amsterdam ìgbà náà, ìyẹn nǹkan bíi mítà 42 àbọ̀. Igi óákù ni wọ́n fi kàn án. Batavia, tí à ń pè ní Jakarta lónìí, ló ń lọ. Ó kó aṣọ, wáìnì, ìwé ìkọ̀wé, ìkòkò tábà, ohun èlò ilé àti àpótí owó fàdákà 27. Èèyàn 335 ló wà nínú rẹ̀: atukọ̀ 203, ọmọ ogun 127 àti èrò 5. Willem Klump ni ọ̀gákọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló kúrò ní Texel, erékùṣù kan ní Nẹ́dálándì, ní òpin ọdún 1748 tí afẹ́fẹ́ dá a padà. Ọjọ́ 8 oṣù Kìíní 1749 ló tó rọ́nà lọ, ṣùgbọ́n ìjì láti ìwọ̀-oòrùn pàdé rẹ̀ nínú òkun tóóró tó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé. Ọkọ̀ tí ìgbòkun rẹ̀ gùn ní igun mẹ́rin kò lè dojú kọ afẹ́fẹ́ tààrà. Ńṣe ló máa ń dà sọ́tùn-ún, tí á tún dà sósì, kó tó lè rìn síwájú díẹ̀díẹ̀. Bí ìjì bá ti le jù, ibi tó jèrè ni afẹ́fẹ́ yóò tún gbà padà. Bẹ́ẹ̀ ni Amsterdam ṣe lọ tó bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tí kò lè kọjá Beachy Head, òkè etíkun kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àrùn bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó pa nǹkan bí èèyàn 50, àwọn mìíràn sì dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìtọ́kọ̀ rẹ̀, pákó ńlá ẹ̀yìn tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, wá já dànù. Àwọn atukọ̀ ṣọ̀tẹ̀, ọkọ̀ tí kò ṣeé darí mọ́ sì sọ̀ sí etíkun.

Àwọn aláṣẹ ìlú kó fàdákà náà pamọ́. Àwọn èèyàn tún rọ́ wá kó ẹrù, àfìgbà tí àwọn ọmọ ogun dá wọn lẹ́kun.

Ibi tó sọ̀ sí ló gbà á là fún ìtàn. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ gan-an, ó jìn tó mítà 8, ọkọ̀ náà sì ń rì wọnú rẹ̀ kí ìgbì tó ráyè fọ́ ọ. Afẹ́fẹ́ kì í dé inú irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kòkòrò ajẹgi inú òkun kò lè gbé ibẹ̀, igi kì í sì tètè jẹrà. Apá tó yọ sókè nìkan ni òkun jẹ.

Ní 1969, àwọn òṣìṣẹ́ ìkọ́lé fi ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ wú ìbọn àgbá bàbà àti àwọn nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ìpalára gidi nìyẹn, torí pé ohun tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ wú ti kúrò ní ipò tí ì bá fi sọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Awalẹ̀pìtàn Peter Marsden ló wá yẹ ibẹ̀ wò, tó sì jà fún ìdáàbòbò rẹ̀. Òfin dáàbò bò ó ní 1974. Láàárín 1984 sí 1986, wọ́n wa ẹ̀yìn ọkọ̀ náà pẹ̀lú àwọn olùwẹ̀ abẹ́ omi.

Ìjọba Nẹ́dálándì ló ni ín. Nígbà tí òkun bá fà sẹ́yìn jù lọ, àwọn orí igi ìhà rẹ̀ máa ń yọ, èèyàn á sì rí ìrísí ọkọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò yẹ kí èèyàn sún mọ́ ọn jù, nítorí ẹrẹ̀ àyíká rẹ̀ lè gbé ẹsẹ̀ mì.

Láàárín 1985 sí 1990, nǹkan bí olùyọ̀ǹda 400 kan ẹ̀dà rẹ̀, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkun ní Amsterdam. Igi ìrókò ni wọ́n lò. Wọ́n sì gbé àjà inú rẹ̀ ga díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, nítorí èèyàn òde òní ga ju àwọn atukọ̀ ìgbà náà.