Bí àyẹ̀wò ọjà tó ń lọ sókè òkun ṣe di iṣẹ́ oníṣòwò fúnra rẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ìjọba nìkan ni àyẹ̀wò yìí. Lọ́dún 1949, Amẹ́ríkà àtàwọn alájọṣe rẹ̀ dá ìgbìmọ̀ kan tó ń jẹ́ CoCom sílẹ̀, Párísì ni wọ́n sì ti ń pàdé. Wọ́n ṣe àkójọ ọjà tó lè wúlò fún ogun, tí kò gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ Sófíẹ́ẹ̀tì láìgbàṣẹ. Oníṣòwò tó bá fẹ́ ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ á kọ̀wé béèrè, ìjọba á gbà tàbí kó kọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí oníṣòwò bá kọ sínú fọ́ọ̀mù ni ìjọba ń kà, ibẹ̀ gan-an sì ni ihò wà.

Ihò yẹn ni Toshiba Machine ti Japan gbà kọjá. Láàárín 1982 sí 1984, ó kó àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin lọ sí ibùdó ìkankọ̀ ní Leningrad. Kongsberg ti Norway ló pèsè ohun tó ń darí wọn. Lára àwọn ẹ̀rọ náà, abẹ àwọn kan lè rìn ní ipa mẹ́sàn-án, àmọ́ ẹ̀rọ kékeré onípa méjì ni wọ́n kọ sínú ìwé. Ẹ̀rọ onípa púpọ̀ ló lè gbẹ́ irin tó ń ti ọkọ̀ abẹ́ omi síwájú débi tí ariwo rẹ̀ á fi lọ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ alágbàtà kan tó lọ́wọ́ sí òwò náà ló kọ̀wé tú àṣírí ní 1985. Nígbà tó di ariwo ní 1987, alága àti ààrẹ Toshiba, ilé-iṣẹ́ tó ni Toshiba Machine, fipò sílẹ̀. Japan fi kún ìjìyà inú òfin rẹ̀, ó sì ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ gbé ètò àyẹ̀wò tiwọn kalẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ń béèrè, òun ló sì ṣe kókó jù, ni pé kí ẹni tó ń ta ọjà má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò sọ irú ọjà tó jẹ́. Kí ẹ̀ńjíníà ka ìwé àlàyé ẹ̀rọ, kí alábòójútó àyẹ̀wò fọwọ́ sí i, kí ó sì ní agbára láti dá ẹrù dúró láìtọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà ni wọ́n ń fi wé nọ́ńbà. Nínú àkójọ Yúróòpù, 3A225 ni ẹ̀rọ tó ń yí fíríkúẹ́ńsì iná padà, èyí tí ilé-iṣẹ́ fi ń darí ìyára mọ́tò. Tó bá lè dé 600 Hz, tí agbára rẹ̀ tó 40 VA, tí fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ kì í sì í yẹ̀ tó 0.2%, ó nílò ìwé àṣẹ, torí ó lè darí ẹ̀rọ ayípo tí wọ́n fi ń ṣètò yuréníọ̀mù fún bọ́ǹbù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dè àwọn kan mọ́ 599 Hz. Ṣùgbọ́n kóòdù tó ń tú ìdè yẹn náà wà lórí àkójọ: ẹni tó yẹ ẹ̀rọ wò dáadáa lè wá fi kóòdù ránṣẹ́ sókè òkun nínú ímeèlì láìgbàṣẹ, kó sì ti rú òfin. Ẹ má sì gbára lé nọ́ńbà tí aṣọ́bodè fi ń gba owó ẹrù. Kò lè sọ bóyá ọjà nílò àṣẹ. Ìwé tí olùpèsè fi sọ irú ọjà tó jẹ́ nígbà kan rí náà lè ti gbó, torí wọ́n máa ń tún àkójọ ṣe.

CoCom túká ní 1994, àdéhùn Wassenaar láàárín àwọn orílẹ̀-èdè sì rọ́pò rẹ̀ ní 1996. Ní oṣù kẹwàá 2003, wọ́n dá ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ BBC China, tó ń lọ sí Líbíà, dúró, wọ́n sì bá ẹ̀yà ẹ̀rọ ayípo nínú rẹ̀. Malaysia ni wọ́n ti ṣe é, Dubai ló sì gbà kọjá. Ní oṣù kẹrin 2004, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìpinnu 1540 jáde, tó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo orílẹ̀-èdè láti ṣọ́ irú ọjà yìí. Malaysia ṣe òfin tirẹ̀ ní 2010.

Láti ìgbà náà, ẹni tí yóò lo ọjà gan-an ló gba àyẹ̀wò jù. Ní 2003, ẹnì kan láti Gúúsù Áfíríkà béèrè fún 200 ẹ̀yà iná kan tó wà fún ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta inú kíndìnrín, èyí tó tún lè tan bọ́ǹbù átọ́míìkì. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ilé ìwòsàn máa ń rà. Iye yẹn tó ohun tí èèyàn lè fura sí. Pakistan ni ọjà náà ń lọ. Nítorí náà, ẹ fi iye ọjà wé iṣẹ́ tí oníbàárà ní òun ń ṣe, ẹ gba ìwé tó fọwọ́ sí lórí ohun tó fẹ́ fi ṣe, kí ẹ sì fura tó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ akẹ́rù ni wọ́n kọ bí ẹni tó ni ẹrù.

Òfin Yúróòpù ti 2021 ní kí wọ́n tọ́jú ìwé òwò bẹ́ẹ̀ fún ọdún 5 ó kéré tán. Tí àṣìṣe bá hàn lẹ́yìn tí ẹrù ti lọ, ẹ dá ìyókù dúró, ẹ kó gbogbo ìwé jọ láìfọwọ́ kan ọ̀rọ̀ inú wọn, kí ẹ sì fúnra yín lọ sọ fún ọ́fíìsì tó ń fúnni ní àṣẹ.