Bí Wọ́n Ṣe Ń Gbani Wọlé fún Dígírì Kejì nínú Ìṣirò Owó ní Agbègbè Àbújá

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń wá dígírì kejì nínú ìmọ̀ ìṣirò owó ní agbègbè Àbújá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí ti báńkì tó ń gbé Kubwa, Lugbe tàbí Nyanya, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé Ìlọrin, Ilé-Ifẹ̀ tàbí Adó-Èkìtì ni wọ́n ti gba dígírì àkọ́kọ́. Ojú wọn sábà máa ń wà lára Yunifásítì Àbújá ní Gwagwalada, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Nasarawa ní Keffi, tàbí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria. Wọ́n a máa rò pé ọjọ́ tí wọ́n bá ra fọ́ọ̀mù ni ètò bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ nínú fáìlì tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́.

Máàkì ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi márùn-ún ṣe òṣùwọ̀n, 3.50 sí 4.49 ni ìpele kejì ti òkè (second class upper), 2.40 sí 3.49 sì ni ti ìsàlẹ̀ (second class lower), èyí tí ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í fẹ́ gba ẹni tó bá rẹlẹ̀ jù ú lọ. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, àti ẹni tó ní HND, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, sábà máa ń gba ọ̀nà PGD kọjá, ìyẹn ẹ̀kọ́ díplómà tó wà láàárín dígírì àkọ́kọ́ àti ìkejì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, nítorí máàkì tuntun tó dára ló máa ń jẹ́ kí wọ́n gbójú fo ti àtijọ́. Ìwé ẹ̀rí ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó tí òfin ọdún 1965 dá sílẹ̀, tàbí ti ANAN, ẹgbẹ́ oníṣirò owó mìíràn tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà ní Kwall lẹ́bàá Jos, tún máa ń ran ẹni tó wà lójú ààlà lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́ ni ìwé àkọsílẹ̀ máàkì, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní transcript. Olùbẹ̀wẹ̀ kì í fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e. Yunifásítì àtijọ́ ni yóò fi ránṣẹ́ tààrà sí tuntun. Kí ó tó kúrò níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé máàkì kọ́ọ̀sì kan sọnù, tàbí pé gbèsè ilé ìkàwé ṣì wà lọ́rùn ẹni náà. Orúkọ pẹ̀lú máa ń dá wàhálà sílẹ̀: obìnrin tó ti yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó nílò ìwé ìbúra kóòtù àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn, kí ìwé ẹ̀rí agùnbánirọ̀ àti ti dígírì má baà ta ko ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé lọ́dún tó ń bọ̀ yẹ kó ti béèrè fún transcript rẹ̀ lọ́dún yìí.

Kírẹ́dítì márùn-ún láti ilé ẹ̀kọ́ girama, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ní ti ìwé ìjẹ́rìí (reference), olùkọ́ tó rántí iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe sàn ju ọ̀gá àgbà tó kàn kọ ọ́ pé ọmọ dáadáa ni.

Bí ìwé bá ti pé, ìgbìmọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà yóò wò ó bóyá olùkọ́ kan wà tó lè ṣe alámòójútó ìwádìí rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ pé òun fẹ́ ṣe ìwádìí nípa àyẹ̀wò ìwé owó ní Nàìjíríà kò tíì sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìṣúná tó wà nídìí iṣẹ́ nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi TSA, ìyẹn ètò àkáǹtì kan ṣoṣo fún owó ìjọba, kó gbogbo owó rẹ̀ sí àpò kan ní ọdún 2015 ní ìbéèrè gidi lọ́wọ́, ìyẹn ohun tí àyípadà náà ṣe sí bí wọ́n ṣe ń san owó fún àwọn agbaṣẹ́ṣe ní iléeṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́ ló sì yàn, kí ó ti gba ìwé ìyọ̀ǹda níbi iṣẹ́ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Nyanya sí Keffi kì í dúró de ẹnikẹ́ni.