Ìrìnàjò bàálù láti Síngápọ̀ sí New York

Ìrìnàjò bàálù láti pápákọ̀ òfuurufú Changi ní Síngápọ̀ lọ sí John F. Kennedy (JFK) ní New York wà lára èyí tó gùn jù lọ láyé téèyàn lè wọ̀ láì ní balẹ̀ síbì kankan lójú ọ̀nà. Ọ̀nà tó kúrú jù láàárín méjèèjì tó nǹkan bíi 15,350 kìlómítà, nǹkan bíi wákàtí 18 àtààbọ̀ sí 19 ni Singapore Airlines sì máa ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì.

Máàpù pẹrẹsẹ máa ń tanni jẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí o. Èèyàn á rò pé bàálù kàn máa kọjá lórí òkun Pàsífíìkì ni, bẹ́ẹ̀ roboto layé rí, ìlú méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní òdìkejì ayé síra wọn, téèyàn bá na okùn láti ọ̀kan sí èkejì lórí máàpù tó rí bíi bọ́ọ̀lù, ẹ̀gbẹ́ ìpẹ̀kun àríwá ayé lokùn yẹn máa gbà. Torí ẹ̀, bóyá wọ́n gba ìlà oòrùn ni o tàbí ìwọ̀ oòrùn, gígùn ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jura lọ, atẹ́gùn ló wá ń pinnu. Atẹ́gùn líle kan wà lókè níbi tí bàálù ń fò sí tó máa ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, bàálù tó bá rí i lẹ́yìn á yára, èyí tó bá dojú kọ ọ́ á pẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gba orí Pàsífíìkì lọ sí New York, tí wọ́n á sì tún gba orí Àtìláńtíìkì àti Yúróòpù padà nígbà míì, tó já sí pé bàálù yẹn ti yí ayé po. Ọ̀nà tí wọ́n gbà lè lé ní 16,000 kìlómítà, síbẹ̀ wọ́n á tètè dé ju kí wọ́n gba ọ̀nà tó kúrú.

Newark, tó wà nítòsí New York, ni wọ́n kọ́kọ́ ń fò lọ lọ́dún 2004 pẹ̀lú Airbus A340-500. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló ní, epo tó ń jẹ ti pọ̀ jù, wọ́n sì dá a dúró ní November 2013. A350-900ULR tó ní ẹ́ńjìnnì méjì ló gbà á ní October 11, 2018, wákàtí 17 àti ìṣẹ́jú 52 ló sì lò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ti JFK bẹ̀rẹ̀ ní November 2020. Bàálù yìí lè gbé epo tó 165,000 lítà, àmọ́ èrò 161 péré ló ń gbà, torí bó bá ṣe wúwo tó lepo á ṣe tán tó.

Tó bá kan aago, Síngápọ̀ fi wákàtí 12 ṣáájú New York nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, 13 nígbà òtútù. Ẹni tó bá gbéra ní Changi ní aago 11:35 alẹ́ Mọ́ńdè nígbà òtútù, tó lo wákàtí 18 àti ìṣẹ́jú 50 lókè, aago 5:25 àárọ̀ Túsìdeè ló máa balẹ̀. Ẹni tó bá kúrò ní New York lálẹ́ Mọ́ńdè, àárọ̀ Wẹ́sìdeè ló máa tó dé Síngápọ̀.