Teufelsmoor: Ilẹ̀ Tí Òjò Nìkan Ń Bọ́

Ní àríwá ìlú Bremen, ní Jámánì, àbàtà kan wà tí wọ́n ń pè ní Teufelsmoor. "Àbàtà Sàtánì" ni etí ń gbọ́ nínú orúkọ náà lónìí, ṣùgbọ́n wọ́n ní "duves" ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ilẹ̀ tó yàgàn. Orúkọ àtijọ́ yẹn ló bá a mu jù.

Àárín àbàtà náà ga ju àyíká rẹ̀ lọ, nítorí náà odò kò lè ṣàn gùn ún. Òjò nìkan ló ń fún un lómi, òjò kì í sì í gbé ọ̀rá ilẹ̀ wá. Sphagnum ló jọba níbẹ̀, ewéko kékeré tó rọ̀ bíi kànìnkànìn, tó lè fa omi tó wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po 20. Ó tún ń mú kí omi náà kan. Nínú omi kíkan tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀, ewé tó bá kú kì í jẹrà tán. Ó ń di erùpẹ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní Torf, tuntun á sì hù lé e lórí. Bíi mìlímítà 1 ló ń fi ga lọ́dún. Ẹni tó bá gbẹ́ mítà 1 níbẹ̀, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ló gbẹ́ yẹn.

Nínú ọ̀dá oúnjẹ yìí ni ewéko kan ti di ọdẹ. Sonnentau ni orúkọ rẹ̀, "ìrì oòrùn". Irun pupa bo ewé rẹ̀ tó rí roboto, ẹ̀kán omi tó ń dán sì wà lórí irun kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ìrì, àtè ni. Kòkòrò tó bá bà lé e ti há nìyẹn. Irun á tẹ̀ bò ó díẹ̀díẹ̀, ewé á sì fa nitrogen, oúnjẹ ewéko tí ilẹ̀ ibẹ̀ kò ní tó, láti ara kòkòrò náà.

Àwọn èèyàn tó wá tẹ̀dó kò ní irú àtè bẹ́ẹ̀. Ní 1771, ìjọba Hannover fi Jürgen Christian Findorff ṣe kọmíṣọ́nà àbàtà, ó la kòtò omi, ó sì tẹ àwọn abúlé dó. Àwọn àgbẹ̀ ń sun orí ilẹ̀ kí wọ́n lè gbin nǹkan sínú eérú, ṣùgbọ́n agbára eérú kì í pẹ́ tán. Torf ni wọ́n gbójú lé: wọ́n á gé e, wọ́n á sá a, wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi gbé e gba odò Hamme lọ tà ní Bremen fún iná dídá. Ọ̀rọ̀ wọn ṣì wà lẹ́nu àwọn ọmọ wọn: "Ikú ni ti ẹni àkọ́kọ́, ìṣẹ́ ni ti ìkejì, oúnjẹ ni ti ìkẹta." Wọ́n tún ń sọ ìtàn iná kékeré tó ń rìn lórí omi lóru, tó ń tan arìnrìn-àjò wọnú irà.

Kòtò tó bọ́ wọn náà ló ń pa àbàtà. Bí omi bá ti fà, afẹ́fẹ́ á wọnú Torf, ìjẹrà tó ti dúró á bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ á máa rì, kábọ́ọ̀nù tó ti wà nípamọ́ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún á sì máa gba ojú ọ̀run lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dí kòtò pa láwọn apá kan báyìí. Bí omi bá padà, Sphagnum á tún máa hù, orí rẹ̀ sì ni ìrì oòrùn ti ń rí àyè hù.