Ìrìn àjò, ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ìyanu Jésù

Jésù ará Násárẹ́tì, ẹni tí àwọn Kristẹni ń pè ní Kristi, jẹ́ oníwàásù Júù tó gbé ayé ní ilẹ̀ Palẹ́stínì lásìkò tí ìjọba Róòmù ń ṣàkóso ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀sìn Kristẹni ti ṣẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí sáà tó fi wàásù káàkiri, láti ìgbà tí Jòhánù Onítẹ̀bọmi ti ṣe ìrìbọmi fún un ní odò Jọ́dánì títí tó fi wọ Jerúsálẹ́mù fún ìgbà ìkẹyìn. Sáà náà kò gùn: kò jọ pé ó ju ọdún mẹ́ta lọ, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tó rìn náà kò fẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ ní etí adágún kan ṣoṣo, láàárín àwọn ìlú kéékèèké tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan dé èkejì kí ọ̀sán tó pọ́n.

Àwọn ìwé tó sọ ìtàn náà

Ìwé Ìhìnrere mẹ́rin, ìyẹn Mátíù, Máàkù, Lúùkù àti Jòhánù, ni orísun tó ṣe pàtàkì jù. Èdè Gíríìkì ni wọ́n fi kọ wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Árámáíkì ni Jésù fi ń bá àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Máàkù ló kọ́kọ́ jáde, ní nǹkan bí ọdún 70, pé Mátíù àti Lúùkù tẹ̀ lé e ní bí ọdún mẹ́wàá sí ogún sí i, tí Jòhánù sì kẹ́yìn. Kò sí èyí tó jẹ́ àkọsílẹ̀ ọjọ́ dé ọjọ́ nínú wọn. Bí àpẹẹrẹ, Jòhánù fi ìtàn bí Jésù ṣe lé àwọn oníṣòwò jáde nínú tẹ́ńpìlì sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù fi í sí ọ̀sẹ̀ tó kú. Nítorí náà, àwòrán ilẹ̀ tó máa ń wà lẹ́yìn Bíbélì, tí wọ́n fi ìlà fa ọ̀nà Jésù láti ìlú dé ìlú, kì í ṣe ohun tí ìwé kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó yà á ló ṣa ìtàn mẹ́rin jọ, tí wọ́n rán an pọ̀.

Lẹ́yìn òde Bíbélì, òpìtàn Júù nì, Josephus, dárúkọ Jésù nígbà méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọwọ́ Kristẹni ti bọ inú ọ̀kan nínú rẹ̀. Tacitus, òpìtàn ará Róòmù, kọ ọ́ pé ìgbà Pọ́ńtíù Pílátù ni wọ́n pa á. Ọdún 26 sí 36 ni Pílátù fi jẹ́ gómìnà Jùdíà, wọ́n sì rí òkúta kan tí wọ́n gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí ní Kesaríà létí òkun ní ọdún 1961.

Lúùkù ní ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún Késárì Tìbéríù ni Jòhánù Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù, èyí tó bọ́ sí nǹkan bí ọdún 28 tàbí 29. Ó tún ní Jésù tó nǹkan bí ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Àjọ Ìrékọjá mẹ́ta ni Ìhìnrere Jòhánù mẹ́nu bà, ibẹ̀ sì ni àwọn èèyàn ti rí ọdún méjì sí mẹ́ta tí wọ́n sábà máa ń sọ. Ẹni tó bá ka ìwé mẹ́ta yòókù nìkan lè rò pé kò ju ọdún kan lọ.

Ní àyíká òkun Gálílì

Adágún omi tútù ni ohun tí Bíbélì ń pè ní òkun Gálílì. Ó gùn tó kìlómítà 21, ó fẹ̀ tó kìlómítà 13, ojú omi rẹ̀ sì fi nǹkan bíi mítà 210 rẹlẹ̀ ju ojú òkun gidi lọ. Òkè yí i ká, ìdí nìyẹn tí atẹ́gùn fi lè já wálẹ̀ lójijì kó sì ru omi sókè. Ìtàn ìjì tí Jésù bá wí tó sì dákẹ́ bá ibi tó ti ṣẹlẹ̀ mu. Ní ọdún 1986, nígbà tí ọ̀dá mú kí omi náà fà, ọkọ̀ ojú omi onígi kan hàn nínú ẹrẹ̀ létí bèbè. Ó gùn ju mítà 8 lọ, ó fẹ̀ ju mítà 2 lọ, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ó ti wà láti nǹkan bí ìgbà Jésù. Kò sí ohun tó so ọkọ̀ náà mọ́ Jésù tàbí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a mọ irú ọkọ̀ tí àwọn apẹja ìgbà náà ń lò.

Hẹ́rọ́dù Áńtípà ló ń ṣàkóso Gálílì nígbà náà. Ó kọ́ ìlú Tìbéríà sí etí adágún yìí ní nǹkan bí ọdún 20, ó sì tún Sẹ́fórísì kọ́, ìlú ńlá tí kò ju bíi kìlómítà 6 lọ sí Násárẹ́tì. Ohun tó yẹ ní kíkíyèsí ni pé kò sí ibì kankan nínú Ìhìnrere tí a ti gbọ́ pé Jésù wọ ọ̀kan nínú ìlú méjèèjì. Abúlé àti ìlú apẹja ló ń lọ.

Lẹ́yìn tó kúrò ní Násárẹ́tì, Kápánáúmù ló fi ṣe ibùjókòó, débi pé Mátíù pe ibẹ̀ ní ìlú òun tìkára rẹ̀. Ibẹ̀ ni ilé Pétérù wà. Ibẹ̀ ló ti pe Léfì agbowó òde níbi tó jókòó sí tó ń gba owó, ibẹ̀ náà ló sì ti wo ọmọ ọ̀dọ̀ balógun ọ̀rún sàn. Nínú ìtàn alárùn ẹ̀gbà tí ọkùnrin mẹ́rin gbé wá, èrò pọ̀ débi pé wọn kò rí ẹnu ọ̀nà wọ̀, ni wọ́n bá gun òrùlé. Máàkù ní wọ́n dá òrùlé náà lu, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbẹ́ ilẹ̀. Lúùkù ní àárín amọ̀ sísun tí wọ́n fi bo ilé ni wọ́n ti sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn tó ṣiṣẹ́ ní Kápánáúmù rí ilé olókùúta dúdú tí ògiri rẹ̀ kò lágbára púpọ̀, tí ó jọ pé igi, ẹ̀ka àti ẹrẹ̀ ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Bí Máàkù ṣe sọ ọ́ ló bá irú ilé bẹ́ẹ̀ mu jù. Sínágọ́gù olókùúta funfun tí àwọn àlejò ń lọ wò níbẹ̀ lónìí kì í ṣe èyí tí Jésù wàásù nínú rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni wọ́n kọ́ ọ, àmọ́ ìpìlẹ̀ ilé mìíràn tó jẹ́ òkúta dúdú wà lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn méjìlá tó yàn ló ń bá a rìn, ṣùgbọ́n wọn kò dá wà. Lúùkù dárúkọ Màríà Magidalénì, Jòánà ìyàwó Kúsà tó jẹ́ ìríjú Hẹ́rọ́dù, Sùsánà àti àwọn obìnrin mìíràn púpọ̀ tó ń fi ohun ìní wọn tọ́jú ẹgbẹ́ náà. Ohun tí wọ́n ń jẹ lójú ọ̀nà wá láti ọwọ́ àwọn obìnrin yìí, kódà ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ nínú rẹ̀ wá láti inú owó ààfin.

Jésù jáde kúrò ní Gálílì nígbà mìíràn. Ó kọjá sí ìhà kejì adágún, sí ilẹ̀ Dekapólì tí àwọn Kèfèrí pọ̀ sí, níbi tí ìtàn ẹlẹ́mìí èṣù tó pe ara rẹ̀ ní Líjíónì ti wáyé. Ó lọ sí agbègbè Tírè àti Sídónì, níbi tí obìnrin kan tí kì í ṣe Júù ti bẹ̀ ẹ́ nítorí ọmọbìnrin rẹ̀. Nígbà tí Jésù fèsì pé kò tọ́ kí a mú oúnjẹ ọmọ fún ajá, obìnrin náà dá a lóhùn pé ajá abẹ́ tábìlì pàápàá ń jẹ èérún tí àwọn ọmọ jẹ kù. Ọ̀kan nínú ìgbà díẹ̀ nìyí tí ẹlòmíràn borí Jésù nínú àríyànjiyàn, Jésù sì gbà fún un. Ó tún dé Kesaríà Fílípì ní ẹsẹ̀ òkè Hámónì, níbi tí Pétérù ti sọ pé òun ni Kristi. Pẹ̀lú gbogbo èyí, Tírè kò jìnnà sí Kápánáúmù ju nǹkan bíi kìlómítà 55 lọ.

Ọ̀nà Jerúsálẹ́mù

Jòhánù ní Jésù lọ sí Jerúsálẹ́mù léraléra fún àjọ̀dún. Ó gba Samáríà kọjá nígbà kan, ó sì bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ létí kànga Jákọ́bù. Nínú àwọn Ìhìnrere yòókù, ìrìn àjò kan ṣoṣo ló wà, Lúùkù sì fi nǹkan bí orí mẹ́wàá sọ ọ́. Lójú ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ ìtàn tí kò sí níbòmíràn ti jáde, bí aláàánú ará Samáríà àti ọmọ onínàákúnàá. Ní Jẹ́ríkò, ó wo afọ́jú kan sàn, ó sì wọ̀ sílé Sákéù, olórí agbowó òde. Láti Jẹ́ríkò sí Jerúsálẹ́mù, òkè ni èèyàn ń gùn: ọ̀nà náà fi nǹkan bíi mítà 1,000 ga sókè láàárín kìlómítà tó lé díẹ̀ ní ogún. Orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló gùn wọ ìlú. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí Pílátù fi ní kí wọ́n kàn án mọ́ àgbélébùú, ní ọdún 30 tàbí 33 gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣe sọ.

Ẹ̀kọ́

Ìjọba Ọlọ́run ni kókó ìwàásù Jésù nínú Ìhìnrere mẹ́ta àkọ́kọ́. Ó ní ó ti sún mọ́ tòsí, ó sì ń pe àwọn èèyàn láti ronúpìwàdà. Òwe ló sábà fi ń ṣàlàyé rẹ̀: afúnrúgbìn, hóró músítádì, ìwúkàrà nínú ìyẹ̀fun, àwọ̀n tí wọ́n dà sínú omi. Ohun tí àgbẹ̀, apẹja àti ìyá tó ń po ìyẹ̀fun mọ̀ dáadáa ni. Irú òwe bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n nínú Jòhánù, níbi tí Jésù ti ń sọ̀rọ̀ gígùn nípa ara rẹ̀ pé òun ni oúnjẹ ìyè, ìmọ́lẹ̀ ayé, olùṣọ́ àgùntàn rere.

Àwọn òwe kan gba kí èèyàn ṣírò owó kó tó mọ bí wọ́n ṣe le tó. Nínú èyí tó jẹ mọ́ ìránṣẹ́ aláìláàánú, ọba dárí gbèsè 10,000 tálẹ́ńtì ji ìránṣẹ́ rẹ̀ kan, ìránṣẹ́ náà sì lọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rùn nítorí 100 dínárì. Dínárì kan ni owó iṣẹ́ òjọ́ kan fún alágbàṣe, tálẹ́ńtì kan sì tó nǹkan bí 6,000 dínárì. Gbèsè ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ owó iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ó lé díẹ̀, ó ṣeé san. Gbèsè tí wọ́n dárí ji òun jẹ́ owó iṣẹ́ ọgọ́ta mílíọ̀nù ọjọ́, kò sí ẹni tó lè san án láyé. Ó jọ pé àsọdùn yìí gan-an ni ohun tó yẹ kó pa olùgbọ́ lẹ́rìn-ín kó tó gún un lọ́kàn.

Ìwàásù Orí Òkè wà nínú Mátíù orí 5 sí 7. Lúùkù ní irú rẹ̀ tó kúrú, àmọ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni Jésù dúró sí níbẹ̀, ó sì fi ègbé fún àwọn ọlọ́rọ̀ kún ìbùkún fún àwọn tálákà. Ìfẹ́ sí ọ̀tá, àìgbẹ̀san, àdúrà ìkọ̀kọ̀ àti Àdúrà Olúwa wà nínú ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè òfin tó tóbi jù, inú ìwé Mósè ló ti fa ìdáhùn rẹ̀ yọ, Diutarónómì àti Léfítíkù: fẹ́ Ọlọ́run, fẹ́ ọmọnìkejì rẹ. Èyí fi hàn pé inú àríyànjiyàn àwọn Júù ló ti ń kọ́ni, kì í ṣe lẹ́yìn òde rẹ̀. Wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ Hillel, olùkọ́ Júù tó ṣáájú rẹ̀ díẹ̀. Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti àwọn Farisí ni bó ṣe ń wo aláìsàn sàn ní ọjọ́ ìsinmi, tó ń bá agbowó òde jẹun, tó sì ń sọ pé a ti dárí ẹ̀ṣẹ̀ jini.

Iṣẹ́ ìyanu

Iṣẹ́ ìyanu tí Ìhìnrere mẹ́rin ròyìn lé ní ọgbọ̀n. Ìwòsàn ló pọ̀ jù: adẹ́tẹ̀, arọ, afọ́jú, odi, obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ ọdún méjìlá. Lílé ẹ̀mí èṣù jáde tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan ṣoṣo irú rẹ̀ nínú Jòhánù. Àwọn mẹ́ta ni ìtàn sọ pé ó jí dìde: ọmọbìnrin Jáírù, ọmọ opó Náínì, àti Lásárù ará Bẹ́tánì tó ti wà nínú ibojì fún ọjọ́ mẹ́rin. Yàtọ̀ sí àjíǹde Jésù fúnra rẹ̀, bíbọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin pẹ̀lú ìṣù búrẹ́dì márùn-ún àti ẹja méjì nìkan ni gbogbo ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ sọ.

Àwọn ìtàn kan kò jọ èyí tí èèyàn yóò hùmọ̀ láti fi yin aṣíwájú. Ní Bẹtisáídà, Máàkù ní Jésù tu itọ́ sí ojú afọ́jú kan, ó gbé ọwọ́ lé e, ó sì bi í bóyá ó rí nǹkan. Ọkùnrin náà ní òun rí àwọn èèyàn tí wọ́n dà bí igi tó ń rìn. Jésù tún gbé ọwọ́ lé e lójú kó tó ríran kedere. Mátíù àti Lúùkù kò sọ ìtàn náà rárá. Máàkù kan náà ló sọ pé Jésù kò lè ṣe iṣẹ́ agbára ní Násárẹ́tì, ìlú rẹ̀, àfi pé ó wo aláìsàn díẹ̀ sàn, nítorí àìgbàgbọ́ wọn.

Ní Jerúsálẹ́mù, Jòhánù ní ó fi itọ́ po amọ̀, ó fi í pa ojú ẹni tí wọ́n bí ní afọ́jú, ó sì rán an lọ wẹ̀ ní adágún Sílóámù. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tún ẹ̀rọ omi ẹ̀gbin ṣe ní ọdún 2004 ló ṣalábàápàdé àtẹ̀gùn adágún kan tó jẹ́ ti ìgbà náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbà pé Sílóámù wà.

Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé àwọn èèyàn ìgbà ayé Jésù mọ̀ ọ́n sí oníwòsàn àti alé-ẹ̀mí-èṣù-jáde. Bóyá iṣẹ́ ìyanu ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ jẹ́ ìbéèrè tí ọgbọ́n ìwádìí ìtàn kò lè dá lẹ́jọ́. Àwọn alátakò rẹ̀ pàápàá kò sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Àwọn akọ̀wé òfin ní agbára Béélísébúbù, olórí àwọn ẹ̀mí èṣù, ló ń lò, Tálímúdì, ìwé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ Júù, sì pè é ní oṣó.

Láàárín àwọn Yorùbá

Odindi Bíbélì Yorùbá, tí Samuel Ajayi Crowther jẹ́ aṣáájú àwọn tó túmọ̀ rẹ̀, jáde ní ọdún 1884. Láàárín àwọn ìjọ Aládùúrà, ìtàn ìwòsàn Jésù ló gba ipò iwájú, pàápàá lẹ́yìn ìsọjí tí Joseph Ayo Babalola ṣe ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, ní ọdún 1930, níbi tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn ti wá fún àdúrà àti omi ìwòsàn.

Àwọn Yorùbá tó jẹ́ Mùsùlùmí mọ Jésù sí Ànábì Ísà. Kùránì kò sọ̀rọ̀ nípa Gálílì tàbí ọ̀nà tó rìn, ó sì kọ̀ pé wọ́n kàn án mọ́ àgbélébùú tàbí pé ó jẹ́ Ọmọ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ó jẹ́rìí sí iṣẹ́ ìyanu rẹ̀ pé ó wo afọ́jú àti adẹ́tẹ̀ sàn, ó sì jí òkú, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ Ọlọ́run. Ó sọ àwọn kan tí kò sí nínú Ìhìnrere mẹ́rin náà: pé Ísà sọ̀rọ̀ nígbà tó ṣì wà ní ọmọ ọwọ́, àti pé ó fi amọ̀ mọ ẹyẹ, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, amọ̀ náà sì di ẹyẹ alààyè. Ìtàn ẹyẹ amọ̀ yìí wà pẹ̀lú nínú ìwé ìgbà èwe Jésù kan tí wọ́n sọ mọ́ Tọ́másì, èyí tí ìjọ Kristẹni kò kà mọ́ Bíbélì.