Ṣé lóòótọ́ ni melatonin máa ń pa họ́mọ̀nù ọmọ bíbí?

Mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Òkè-Fìà, wọ́n ń bá mi di ṣùkú lọ́wọ́, ni ọmọge kan bá yọ ike melatonin tí àǹtí ẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Ìyá onídìrí ò tiẹ̀ jẹ́ kó ṣí i. "Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sílé ọkọ! Oògùn oorun yẹn máa ń pa họ́mọ̀nù ọmọ bíbí nínú ọpọlọ." Nínú Òṣogbo, ìlú Ọ̀ṣun olómọ yọyọ! Gbogbo wa dákẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ màmá nídìí o, ibi tí wọ́n parí ẹ̀ sí ni ò dáa. Melatonin, orí wa fúnra ẹ̀ ló ń ṣe é. Nǹkan kékeré bíi hóró ìrẹsì kan wà láàárín ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní pineal, tílẹ̀ bá ti ṣú á máa da melatonin sínú ẹ̀jẹ̀, tójú bá ti rí ìmọ́lẹ̀ á dáwọ́ dúró. Akéde ni. Ilẹ̀ ti ṣú o, bí òru ṣe gùn tó rèé, ó tán. Ilẹ̀ kan náà ló ń ṣú, àgbẹ̀ ń wálé, ọdẹ ń gbé ìbọn jáde.

Nílẹ̀ òtútù tí òru ti máa ń gùn gan-an, ẹranko kan wà tó jọ eku, hamster, tó bá ti gbọ́ pé òru gùn, kórópọ̀n ẹ̀ á súnkì, kò ní gun abo mọ́. Àgùntàn ibẹ̀ gbọ́ ìkéde kan náà, ìgbà yẹn gan-an lòun ń wá akọ, torí nǹkan bí oṣù 5 ló ń lóyún, ó fẹ́ kí ọmọ bá koríko tútù. Àwọn tó ń sìn wọ́n tiẹ̀ ń ki melatonin sábẹ́ awọ etí wọn kí wọ́n lè tètè gùn!

Kì í sì í ṣe ilé ọmọ ni melatonin ń lọ bá. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pituitary, nǹkan kékeré tó ń tú họ́mọ̀nù sílẹ̀, ló ti ń jíṣẹ́, iṣẹ́ yẹn á dé ọ̀dọ̀ họ́mọ̀nù kan tó ń jẹ́ kisspeptin (ìlú Hershey ní Amẹ́ríkà, ìlú ṣokoléètì Kisses, ni wọ́n ti rí jíìnì ẹ̀ ní 1996, ẹ ò rí orúkọ), kisspeptin á jí họ́mọ̀nù mìíràn, GnRH, GnRH á ní kí pituitary tú LH àti FSH sílẹ̀, àwọn họ́mọ̀nù ọmọ bíbí náà nìyẹn.

Àwa èèyàn kì í dúró de àsìkò. Àwọn ewúrẹ́ Ọjà-Ọba gan-an, ìgbàkígbà ni wọ́n ń bí, torí ọ̀sán tó gùn jù lọ́dún ní Òṣogbo ò fi wákàtí kan ju èyí tó kúrú jù lọ, kí lakéde fẹ́ kéde? Lóòótọ́, wọ́n rí i ní Netherlands ní 1992 pé ó dín LH àwọn obìnrin kù, àmọ́ 300 mílígíráàmù lójúmọ́ ni wọ́n lò. Ẹni tó ń wá oyún tàbí tó ti lóyún, kó ṣì bi dókítà kó tó jẹ ẹ́ o.

Ìyá onídìrí gba ike, wọ́n nà án sí mi pé kí n ka ara ẹ̀. Mílígíráàmù 3. Màmá ní, "Ṣé 100 hóró ló máa jẹ lálẹ́ ni?" Wọ́n gbé ike padà fún ọmọge náà, wọ́n ní kí n tẹrí ba, ìlà ẹ̀yìn ló kù.