Lẹ́tà ìròyìn HTML látinú Thunderbird: ibi tó ti ń dojú rú

Ká ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ní Adó-Èkìtì fẹ́ máa fi lẹ́tà ìròyìn ránṣẹ́ lóṣooṣù sáwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà l'Ékòó àti Kánádà, wọn ò sì fẹ́ sanwó fáwọn iléeṣẹ́ tó ń báni fi í ránṣẹ́. Ọmọ kan ti bá wọn fi HTML, ìyẹn kóòdù tí wọ́n fi ń ṣe ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, ṣe é, fọ́tò kábíyèsí wà lókè, àwọ̀ ẹ̀ ń dán, ó wá ku bó ṣe máa gba inú Thunderbird, ètò tí wọ́n fi ń kọ ímeèlì tí wọ́n sì fi ń kà á lórí kọ̀ǹpútà, jáde.

Kóòdù ọ̀hún kì í ṣòro wọlé. Wọ́n á ṣí lẹ́tà tuntun, wọ́n á tẹ Insert, wọ́n á mú HTML, wọ́n á paste gbogbo ẹ̀ sínú àpótí tó bá yọ, ó tán. Tí wọ́n bá lọ paste ẹ̀ tààrà síbi tí wọ́n ti ń kọ̀wé, kóòdù yẹn gan-an làwọn èèyàn máa gbà, wọ́n á rò pé wọ́n ti hack ẹgbẹ́.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó máa gbà á niṣẹ́ wà. Bó ti wù kó rẹwà tó lórí kọ̀ǹpútà akọ̀wé, ohun tí ẹlòmíì fi ń ṣí ímeèlì ló máa tún un tò bó ṣe wù ú, Outlook orí Windows táwọn ọ́fíìsì ti ń lò tipẹ́ ló sì burú jù, torí láti 2007 ni Microsoft ti ń fi ẹ́ńjìnnì Word gbé ímeèlì jáde níbẹ̀, Word tí wọ́n ṣe fún títẹ̀wé o! Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọṣẹ́ fi máa ń lo table (àtẹ onílà) bíi ti ayé àtijọ́, table nínú table, kó má fẹ̀ ju nǹkan bí 600 pixel lọ, style (àṣẹ àwọ̀ àti ìrísí) á sì wà lára tag (àmì inú kóòdù) kọ̀ọ̀kan torí àwọn ètò ímeèlì kan máa ń já èyí tó wà lókè kóòdù dànù. JavaScript, kóòdù tó ń mú kí ojú ìwé máa dá ṣe nǹkan, kó má yọjú rárá.

Fọ́tò ńkọ́? Tí wọ́n bá dì í mọ́ lẹ́tà, ó máa ń fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta wú sí i, 3MB á di 4MB, dátà ẹni tó ń gbà á ló ń jẹ yẹn. Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, lẹ́tà á fúyẹ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ ètò ímeèlì kì í fi í hàn àfi tí onítọ̀hún bá gbà kó hàn. Àwa tá a sì fẹ́ràn ká kó ọjọ́, àkókò, ibi ìpàdé, gbogbo ẹ̀ sínú flyer kan ṣoṣo, òfìfo lèèyàn á kàn rí. Ọ̀rọ̀ ni kí wọ́n fi kọ ọ́.

Àmì ohùn náà tún wà ńbẹ̀. Tí fáìlì bá jẹ́ UTF-8 (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà àti àmì orí ẹ̀) tí nǹkan tó ṣí i ò mọ̀, "Ẹ kú" á di "áº¸ kÃº".

Tó bá ku ká fi ránṣẹ́, inú Bcc, àyè tí ẹnì kan ò ti ní rí àdírẹ́sì ẹlòmíì, ni kí orúkọ wà, kí àdírẹ́sì gbogbo ẹgbẹ́ má bàa di ti gbogbo ayé. Gmail ọ̀fẹ́ ò jẹ́ kó kọjá èèyàn 500 lójúmọ́, ti Thunderbird kọ́ nìyẹn, ońṣẹ́ lásán ni. Ẹni tó bá sì ní òun ò fẹ́ mọ́, akọ̀wé ló máa fọwọ́ ara ẹ̀ yọ orúkọ ẹ̀ kúrò.